Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Rántí Ilé Ìpamọ́, àti Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ó Gbàgbé Rẹ̀

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo pe ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tí ń gbé ní Ìgándò lórí fóònù láti kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ni mo gbọ́. Mo ní, "Jọ̀wọ́, àbúrò, bá mi gbé fóònù fún Màmá." Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà, èmi ni mo ni láìnì yìí. Ní Ẹgbẹ́dá ni mo ti rà á, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Àwọn tí ń pè mí ní Màmá kò lóǹkà." Ó wá fi kún un pé nígbàkúùgbà tí owó bá wọ inú àpò ìfowópamọ́ Màmá, tàbí tí ó bá jáde níbẹ̀, orí fóònù òun ni báńkì ń fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí. Ọlọ́run ló yọ Màmá pé ọmọ tí a bí ire ni ó ra nọ́ńbà náà. Ó ti lé ní ọdún kan tí fóònù àtijọ́ ti sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ti ra láìnì mìíràn, wọn kò sì ronú kan èyí àkọ́kọ́ mọ́. Nọ́ńbà náà kò yí padà rárá. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó yí padà.

Mo fi ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé láti ìgbà tí mo ti ti òkè òkun dé ni àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ wa ti ń bi mí léèrè pé irú ẹ̀kọ́ wo gan-an ni mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ lọ́hùn-ún. Bí mo bá dáhùn pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà pa fáìlì mọ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní ìyẹn kò ṣeé fi èdè Yorùbá sọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí nọ́ńbà Màmá gan-an ni gbòǹgbò ohun tí mo lọ kọ́. A mọ àmì kan, a rántí ibi tí àmì náà ń tọ́ka sí, ibẹ̀ yí padà, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wa.

Ní ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tí wọ́n sọ ní Network File System, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbogbo mọ̀ sí NFS. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni: ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan lo fáìlì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà mìíràn bí ẹni pé inú ara rẹ̀ ni fáìlì náà wà. Kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni à ń pè ní sáfà. Èyí tí ń wá béèrè ni èmi yóò máa pè ní oníbàárà nínú àròkọ yìí. Bí oníbàárà bá ti béèrè fáìlì lẹ́ẹ̀kan, sáfà a fún un ní àmì kan tí yóò máa mú wá nígbàkúùgbà tí ó bá tún ní í ṣe pẹ̀lú fáìlì náà. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ sáfà, ohun mẹ́ta ni ó máa ń wà nínú àmì yìí: àmì ibi ìpamọ́ tí fáìlì wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà fáìlì náà níbẹ̀, àti nọ́ńbà kẹta tí a lè pè ní nọ́ńbà ìran.

Kí ni a ń fi nọ́ńbà ìran ṣe? Bí a bá pa fáìlì kan rẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ kì í sùn lásán. A ó mú un fún fáìlì tuntun. Àwa Yorùbá mọ irú èyí tipẹ́. Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944. Ní 1956 Gbádégẹṣin Ládìgbòlù gorí ìtẹ́. Orúkọ kan náà ni, oyè kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka ìwé àtijọ́ kò ní ṣi ọ̀kan pè ní èkejì, nítorí pé a ti kọ "Kìn-ín-ní" àti "Kejì" tẹ̀ lé orúkọ wọn. Bákan náà ni ó rí fún fáìlì. Bí oníbàárà bá mú àmì ìran kìn-ín-ní wá, tí sáfà sì rí i pé ìran kejì ni ó wà lórí nọ́ńbà náà nísinsìnyí, yóò dá a padà pé àmì rẹ̀ ti ṣá. Gbogbo ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ni ó mọ ìdáhùn náà, kì í sì í mú inú ẹni dùn.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí tí ó dúró fún ibi ìpamọ́, tún ní wàhálà tirẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé a pa sáfà, a tún tàn án, ó sì ka àwọn dísìkì rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń ka ẹ̀kọ, ó pe ti àná tí ó jẹ́ kìn-ín-ní ní ìkejì lónìí. Fáìlì kankan kò sọnù, síbẹ̀ àmì ọwọ́ gbogbo oníbàárà ti ṣá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ètò Linux fi gba alábòójútó láyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà tí kò ní í yẹ̀ sílẹ̀ fún ibi ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń pín fún ènìyàn.

Títí dé àkókò yẹn, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù ń gbà. Ẹni tí ó bá mọ oríta Ìkòtún ní ìrọ̀lẹ́ yóò mọ ohun tí mo ń wí: bí ọ̀nà márùn-ún bá já sí ojú kan, kò sí bí awakọ̀ ṣe lè gbọ́n tó, yóò dúró. Nítorí náà, nínú ẹ̀yà NFS tí a ń pè ní 4.1, tí ìwé òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1910 ó lé ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni 2010, tí a sì tún un kọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n la ọ̀nà mìíràn. Wọ́n yà sáfà tí ó mọ ibi tí nǹkan wà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀rọ ìpamọ́ tí nǹkan wà nínú wọn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà Ìkòtún ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní akọ̀wé kan wà lẹ́nu ọjà tí kò ní ẹrù kankan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ó mọ ibi tí ẹrù gbogbo wà. Ẹ lọ bá a pé ẹ fẹ́ kó ìrẹsì yín. Ó kọ ìwé ìtọ́nà lé yín lọ́wọ́: "Ogún àpò wà ní Ọ̀pẹ, ogún àpò wà ní Ìrókò." Ẹ bi í pé kí ni ó ń jẹ́ Ọ̀pẹ. Ó ní, "Ilé ìkẹ́rùsí kẹta ni lẹ́yìn ilé epo, ní ọ̀nà Ìjẹ́gun, bí ìloro iwájú bá tì, ẹ gba ti ẹ̀yìn." Láti ìgbà náà lọ, bí ìwé ìtọ́nà mìíràn bá dárúkọ Ọ̀pẹ, ẹ kò ní béèrè mọ́, ẹ̀ ń lọ tààrà ni. Ọ̀pẹ ni àmì ẹ̀rọ. "Ilé kẹta lẹ́yìn ilé epo" ni àdírẹ́sì rẹ̀. Inú orí yín tí ẹ fi í pamọ́ sí ni apò ìrántí oníbàárà.

Ìdí tí a kò fi kọ àdírẹ́sì sínú ìwé ìtọ́nà gan-an ni pé àdírẹ́sì gùn, ọ̀nà tí ó wọ ilé ìkẹ́rùsí kan lè pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìtọ́nà sì lè dárúkọ ilé kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń sọ èyí tí ó gùn. Èyí tí ó kúrú ni a ń tún pè.

Wàyí o, ilé ìkẹ́rùsí kó lọ. Kí ni ẹ ó ṣe?

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ẹ máa béèrè ní gbogbo ìgbà, ẹ ti tún gbogbo ayé kó padà sí ẹnu akọ̀wé, èrò ti pé sí oríta Ìkòtún bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ tún lè dá ọjọ́ fún ìrántí yín, kí ẹ ní bí àsìkò báyìí bá kọjá n ó tún béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà Linux ń ṣe sí àwọn ìròyìn kéékèèké nípa fáìlì, bí i bí ó ti tóbi tó àti ìgbà tí a fọwọ́ kàn án kẹ́yìn: bí a kò bá pàṣẹ mìíràn, kì í gbà wọ́n gbọ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n ní ti àmì ẹ̀rọ, ìwé òfin 4.1 kò dá ọjọ́ kankan. Títì tí a ti fáìlì ní gbèdéke tí oníbàárà gbọ́dọ̀ máa sọ di tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbáṣepọ̀ àmì ẹ̀rọ mọ́ àdírẹ́sì rẹ̀ kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀. Ó lè wà títí, ó sì lè yí padà lójijì.

Ọ̀nà méjì ni òfin fi sílẹ̀ fún sáfà tí ó bá fẹ́ yí i padà. Ọ̀kan ni pé kí ó gba gbogbo ìwé ìtọ́nà tí ó dárúkọ Ọ̀pẹ padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ó dára létí, ṣùgbọ́n ó burú lọ́wọ́, nítorí pé kò sí gbólóhùn nínú èdè àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tí a lè fi sọ pé, "Ẹ mú gbogbo èyí tí ó dárúkọ Ọ̀pẹ wá." Sáfà lè gba ìwé ìtọ́nà fáìlì kan; ó lè gba ti odidi agbo fáìlì kan; ó lè gba gbogbo èyí tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà. Nítorí ilé kan tí ó kó lọ, a ó wá gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ń lọ sí Ìrókò pẹ̀lú.

Ọ̀nà kejì ni ìkéde. Nígbà tí oníbàárà kọ́kọ́ béèrè àdírẹ́sì, ó lè sọ pé, "Bí ó bá yí padà, ẹ kéde fún mi, bí ẹ bá wọ́gi lé e, ẹ kéde fún mi." Sáfà yóò dáhùn èwo nínú méjèèjì ni òun lè ṣe. Ìkéde ìyípadà ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀: sáfà máa ń sọ bóyá ojú ẹsẹ̀ ni ó fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kì í ṣe ojú ẹsẹ̀. Bí kì í bá ṣe ojú ẹsẹ̀, ẹni tí ó ti gbé àpò ìrẹsì karí lè gbé e dé ibi tí ó ń gbé e lọ kí ó tó wá béèrè àdírẹ́sì tuntun. Bí ó bá sì jẹ́ ojú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ní ti ìwọ́gilé, èèwọ̀ ni láti kéde rẹ̀ fún oníbàárà tí ìwé ìtọ́nà tí ó dárúkọ àmì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í sọ pé kò sí Ọ̀pẹ mọ́ fún ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ó lọ sí Ọ̀pẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá nípọn nìyí, mo sì bẹ ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé ìdí rẹ̀. Ìkéde àti ìdáhùn kì í gba ojú ọ̀nà kan náà. Ìdáhùn ń bá ìbéèrè padà. Ìkéde ń dá wá láyè ara rẹ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ rán lè dé kẹ́yìn. Ká ní akọ̀wé wọ́gi lé Ọ̀pẹ ní òwúrọ̀, ó rán ọmọ kan sí yín láti sọ ọ́, ọmọ náà sì dúró wo eré lọ́nà. Ní ọ̀sán, akọ̀wé rí i pé orúkọ náà ṣófo, ó fi sọ ilé ìkẹ́rùsí tuntun kan ní ọ̀nà Ìdímù. Ó kọ ìwé ìtọ́nà tuntun sí yín: "Ẹ kó epo yín lọ sí Ọ̀pẹ." Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ ìkéde òwúrọ̀, ẹ ṣì rántí ilé kẹta lẹ́yìn ilé epo. Ibẹ̀ ni ẹ ó kó epo lọ, sínú ilé ẹni ẹlẹ́ni, ẹ ó sì padà wálé pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹ ti jíṣẹ́. Tàbí kí ó ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti béèrè, ẹ ti mọ ilé tuntun ní ọ̀nà Ìdímù, kí ọmọ òwúrọ̀ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ pé kò sí Ọ̀pẹ mọ́. Ẹ ó sì gbàgbé ohun tí ó yẹ kí ẹ rántí. Oníbàárà kò ní ọ̀nà tí ó lè fi mọ̀ bóyá Ọ̀pẹ ti òwúrọ̀ ni ọmọ náà ń sọ tàbí ti ọ̀sán.

Àwọn tí ó kọ òfin 4.1 kò gbìyànjú láti kó àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí sí ìlà. Wọ́n gé gbòǹgbò rẹ̀: àmì ẹ̀rọ tí a bá ti wọ́gi lé, sáfà kò gbọdọ̀ tún un lò mọ́ láé fún oníbàárà kan náà nínú irú ìwé ìtọ́nà kan náà. Bí ìkéde bá wá pẹ́ títí dé ọ̀túnla, òkú ni ó ń kéde, kò sì sí alààyè tí ń jẹ́ orúkọ òkú náà. Ohun tí ó mú kí òfin yìí ṣeé pa mọ́ ni pé àmì ẹ̀rọ jẹ́ báìtì 16, èyí tí iye orúkọ tí a lè fi sọ nǹkan nínú rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí ó ní dígíìtì 39. Àyè wà nínú rẹ̀ láti kọ Kìn-ín-ní, Kejì, Kẹta, títí tí ayé yóò fi parí.

Nọ́ńbà fóònù wa kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà, dígíìtì 11 ni a ń tẹ̀, nọ́ńbà mílíọ̀nù mẹ́wàá péré ni ó sì wà lábẹ́ 0803 tàbí 0805 kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni òfin àjọ NCC fi gbà pé bí a kò bá lo láìnì kan fún oṣù mẹ́fà a lè pa á, bí ó bá sì tún di oṣù mẹ́fà mìíràn, ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn èyí, wọn a tà á fún ẹlòmíràn. Kò sí nọ́ńbà ìran lára rẹ̀, kò sí Kìn-ín-ní, kò sí Kejì. Báńkì tí ó kọ nọ́ńbà Màmá sínú ìwé ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí àpò owó wọn kò gbọ́ ìkéde ìwọ́gilé kankan.

Ó yẹ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún ilé iṣẹ́ fóònù ní ibì kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, NCC gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú nọ́ńbà rẹ̀ dání kúrò ní ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Kí ó tó di ìgbà náà, bí ẹ bá rí 0803, ẹ mọ̀ pé MTN ni. Láti ìgbà náà, 0803 kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún wa mọ́. Ìyẹn ni pé àmì dúró, àdírẹ́sì yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ìpè ṣì ń dé ibi tí ó yẹ, nítorí pé ìwé àkọsílẹ̀ àpapọ̀ kan wà tí gbogbo ilé iṣẹ́ fóònù ń tẹ̀ lé. Wọ́n yanjú ìyípadà dáradára. Ìwọ́gilé ni wọn kò rí yanjú.

Ìjọba pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀ ní 2003, wọ́n pín Alímòṣọ́ sí mẹ́fà: Àgbádó àti Òkè-Odò, Àyọ̀bọ́ àti Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́ àti Ìdímù, Ìgándò àti Ìkòtún, Mọ̀sán àti Òkúnọlá, wọ́n sì fi orúkọ Alímòṣọ́ sílẹ̀ fún ìdá kan tí ó kù. Nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, Alímòṣọ́ ṣì ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ìgándò wà nínú Alímòṣọ́ ti Àbújá, kò sì sí nínú Alímòṣọ́ ti Èkó. Orúkọ kan, ìran méjì, àwọn méjèèjì sì wà láàyè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ètò Linux, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà NFS ń lò, gbọ́n ju kí ó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ pátápátá. Bí sáfà kò bá ṣèlérí pé òun yóò kéde ìwọ́gilé, oníbàárà kò ní fi àmì náà pamọ́ lẹ́yìn tí ìwé ìtọ́nà tí ó kẹ́yìn tí ó dárúkọ rẹ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbàgbé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ ìpamọ́ kan tí kò rí ẹni dá a lóhùn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ kò ṣeé lọ, yóò máa gba ọ̀dọ̀ sáfà kó ẹrù rẹ̀, kò sì ní tún ibẹ̀ dán wò títí ìṣẹ́jú àáyá 120 yóò fi kọjá. Bí sáfà bá kú tí ó tún jí, oníbàárà kò gbọdọ̀ gbára lé ohun tí ó mọ̀ kí ó tó kú.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí ó wù mí jù lọ ni èyí tí wọ́n ń lò níbi tí oníbàárà ti ń kọ ọ̀rọ̀ sórí dísìkì tààrà, láìsí sáfà kankan lẹ́nu ọ̀nà tí yóò bi í pé, "Taa ni ẹ́?" Níbẹ̀, bí ẹ bá ṣìnà, ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ yín lé ti ẹlòmíràn lórí, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ọjọ́ tí onítọ̀hún bá wá ṣí ìwé rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí sáfà ń fún oníbàárà kì í ṣe ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀. Àpèjúwe ohun tí yóò bá lára dísìkì náà ni: ní ojú báyìí lórí rẹ̀, ẹ ó bá ọ̀rọ̀ báyìí ní kíkọ. Oníbàárà yóò yẹ àwọn dísìkì tí ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn wò, yóò ka ojú ibẹ̀, bí ó bá sì rí àmì náà gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ni yóò tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tí a bá rán sí ìdílé tí kò dé rí mọ̀ pé oríkì ilé ni a fi ń mọ ojúlé, pàápàá ní Ìgándò níbi tí ilé mẹ́ta ní àdúgbò kan lè máa jẹ́ nọ́ńbà 7.

Ìyẹn ni mo sọ fún ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, kì í ṣe báńkì Màmá, nígbà tí ó bi mí pé kí ni àwọn ìbá ṣe. Mo ní kí ẹ tó fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń ṣí àpò owó ránṣẹ́ sórí fóònù kan, ẹ ti wo ojú dísìkì náà ná. Ẹ má gbà pé ẹni tí ẹ mọ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni yóò gbé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní yóò sọ ọ́ ní ìpàdé.

Màmá ti lọ sí báńkì tiwọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹgbẹ́dá pè mí, ó ní owó ìyálé kan tún ti wọlé, kí n bá òun sọ fún Màmá.